Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Bọ́ọ̀dù Fóòmù Ṣe U-2, Bàálù Amí Olápá Gígùn

Apá rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. U-2S tí àwọn ológun òfuurufú Amẹ́ríkà ń lò gùn tó mítà 19 láti imú dé ìdí ìrù, ṣùgbọ́n láti ṣóńṣó apá kan dé ṣóńṣó èkejì, mítà 31 lé díẹ̀ ni. Ẹni tó bá ṣe é tí apá kò gùn ju ara lọ, bàálù mìíràn ló ṣe. Ìdá kan nínú àádọ́ta la máa lò: sẹ̀ǹtímítà 1 dúró fún ìdajì mítà. Ara á gùn ní 38, apá méjèèjì á jẹ́ 63.

Bàálù yìí máa ń fò kọjá ẹsẹ̀ bàtà 70,000, ìyẹn kìlómítà 21 sókè. Ẹ wo ibi tí ẹyẹ máa dé bó bá gba orí ọ̀sà láti Ìkòròdú lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó láìyà síbì kan. Kí ẹ wá gbé ọ̀nà yẹn nàró. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an, apá kúkúrú kò ní rí nǹkan kan fara tì. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ẹni tó wà ní gíga yẹn lórí Ìkòròdú lè wo nǹkan bíi kìlómítà 520 yíká: Ìlọrin, Benin, títí kan Accra. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é nìyẹn. Ní October 14, 1962, àwòrán tí ọ̀kan nínú wọn yà lórí Cuba ló tú àṣírí ohun ìjà tí Soviet kó síbẹ̀.

Ẹ wá bọ́ọ̀dù fóòmù tó nípọn ní mìlímítà 5, irú èyí tí àwọn onífọ́tò ń lẹ àwòrán ńlá mọ́. Ẹ tún wá abẹ tuntun, rúlà irin, gọ́ọ̀mù funfun káfíńtà, sẹ́lótéèpù, igi ìgbálẹ̀ 2 tó nípọn, igi ìṣáná 2 àti amọ̀ díẹ̀. Ẹ má fi sùpá gúlúù kàn án o. Ó máa ń jẹ fóòmù, ihò á sì ṣẹ́kù níbi tí ẹ rò pé ẹ ti lẹ̀ ẹ́.

Ẹ gé apá ní ẹyọ méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní 31 àti ààbọ̀. Etí iwájú gbọ́dọ̀ gún bíi rúlà. Ẹ̀yìn ni kó máa dín wá, kí ìdí apá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 8, kí ṣóńṣó rẹ̀ fẹ̀ ní 4. Ẹ rọra fa abẹ lójú ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, fóòmù á fà ya, etí á sì rí wúruwùru. Ẹ to méjèèjì léra kí ẹ rí i pé wọ́n dọ́gba. Ẹ lẹ igi ìgbálẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ abẹ́ apá, ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí etí iwájú, láti ìdí dé ṣóńṣó, torí láìsí i, apá á tẹ̀ nígbà tí ẹ bá jù ú.

Ẹ wá tẹ́ apá kan sórí tábìlì, ẹ fi ìwé gbé ṣóńṣó èkejì sókè ní sẹ̀ǹtímítà 6, ẹ fi gọ́ọ̀mù sójú ìpàdé, kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi sẹ́lótéèpù dì í lókè àti nísàlẹ̀. Gíga tí ṣóńṣó ga yìí ló ń dá bàálù padà bó bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Apá U-2 gidi kò ga tó báyẹn. Awakọ̀ wà nínú tiyẹn.

Fún ara, ẹ lẹ ẹyọ bọ́ọ̀dù méjì pọ̀, kó ga ní 3. Ìrù tó dùbúlẹ̀, 18 ní gígùn, 4 àti ààbọ̀ ní fífẹ̀; èyí tó dúró, 6 ní gíga. Ẹ lẹ ìrù méjèèjì mọ́ ìdí ara, kí ẹ lẹ apá sórí ara; etí iwájú apá á bẹ̀rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí imú. Ẹ gé igi ìṣáná, kí ẹ fi sábẹ́ etí iwájú yẹn kó lè yọ sókè díẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ nìyí. Ẹ fi orí ìka méjì gbé e lábẹ́ apá, ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí etí iwájú. Ẹ máa lẹ amọ̀ mọ́ imú, kí ẹ fi èyí tó tó ekùrọ́ kan bẹ̀rẹ̀, títí ara á fi dúró gbọọrọ lórí ìka. Ẹ jẹ́ kí amọ̀ gbẹ kí ẹ tó gbà pé ó ti tán: omi tó bá gbẹ kúrò nínú rẹ̀ ń dín ìwúwo kù, bàálù tó dọ́gba lálẹ́ á ti di onírù wúwo láàárọ̀. Ẹ tún un wọ̀n, kí ẹ fi kún un.

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ jù ú, kí atẹ́gùn ọ̀sà tó dìde, ní pápá tí kò súnmọ́ wáyà iná. Ẹ kọjú sí atẹ́gùn, ẹ tì í síwájú gbọọrọ láti èjìká, ẹ má jù ú sókè. Bó bá gbé imú sókè, tó dúró, tó wá já wálẹ̀, ó ń fẹ́ amọ̀ sí i. Bó bá forí sọlẹ̀ tààrà, ẹ bù kúrò. Bó bá ń yí sápá kan ṣáá, ẹ wo apá láti ẹ̀yìn, ó ti lọ́. Kí apá dẹ́kun gbígbé e torí kò yára tó, ohun tí awakọ̀ U-2 ń sá fún nìyẹn: lókè pátápátá, àlàfo láàárín eré tó kéré jù àti eré tó pọ̀ jù lè má ju kìlómítà 18 láàárín wákàtí kan.

Ẹ fi sẹ́lótéèpù bo ṣóńṣó méjèèjì, torí ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Táyà U-2 gidi wà lójú ìlà kan bíi ti kẹ̀kẹ́ ológeere, ó máa ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tó bá dúró, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi irin títáníọ̀mù sí ṣóńṣó apá rẹ̀. Bó bá ń balẹ̀, awakọ̀ U-2 mìíràn á máa fi mọ́tò sáré tẹ̀ lé e, á máa pe iye ẹsẹ̀ bàtà tó kù fún un lórí rédíò.

Ẹ fi okùn so ó kọ́ sínú ilé, ẹ má fi ti ògiri. Ọ̀rinrin máa ń mú pépà ara bọ́ọ̀dù wú. Bí apá bá ti lọ́, ẹ rọra fi ọwọ́ méjèèjì lọ́ ọ padà, kí ẹ tún wò ó láti ẹ̀yìn.