Ìrírí mi: ìdí tí àmì àìdọ́gba fi ń yí padà

Àbúrò mi obìnrin tó ń múra WAEC ló gbé ìṣirò kan wá bá mi lálẹ́ Sátidé:

−3 < 5 − 2x ≤ 11

Mo ní ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ká má gé e sí méjì. Ohun tá a bá ṣe fún àárín, ká ṣe é fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Mo yọ 5 kúrò lápá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ku:

−8 < −2x ≤ 6

Mo fi −2 pín gbogbo rẹ̀, mo sì yí àmì méjèèjì dà: 4 > x ≥ −3.

"Bùọ̀dá mi, kí ló dé tí ẹ fi yí i dà?"

N kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀, ó sì dùn mí. Wọ́n ní ká máa yí i la ṣe ń yí i látìgbà tá a ti wà nílé ìwé. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀.

Mo bá fi gbèsè ṣàlàyé rẹ̀. 2 kéré sí 6. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ gbèsè náírà 2 sàn ju ẹni tó jẹ náírà 6 lọ, torí náà −2 pọ̀ ju −6 lọ. Mo fa ìlà nọ́ńbà sórí bébà, mo ní kó ká a síbi òdo gan-an, kó gbé e síwájú gílóòbù. 2 bọ́ sórí −2, 6 bọ́ sórí −6. Nígbà tó tẹ́ bébà padà, ó fọwọ́ tọ́ 6 tó wà níwájú, ó tọ́ −6 tó wà lẹ́yìn pátápátá. Ó ní, "Háà, wọ́n ti pààrọ̀ ipò!" Mo ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn tá a bá fi nọ́ńbà òdì bíi −2 pín, ìdí nìyẹn tí àmì fi ń yí.

A wá tún un kọ dáadáa: −3 ≤ x < 4. Mo fi −3 dán an wò, 5 + 6 jẹ́ 11, ó wọlé. Mo fi 4 dán an wò, 5 − 8 jẹ́ −3, bẹ́ẹ̀ −3 kò kéré sí ara rẹ̀, kò wọlé. Nígbà tá a yà á sórí ìlà nọ́ńbà, a fi róbótó dúdú sí −3 torí ó wọlé, a fi róbótó òfìfo sí 4 torí kò wọlé. Ìdánwò yìí ṣe pàtàkì lójú mi ju ìṣirò gan-an lọ.

Mo kọ òmíràn fún un, "tàbí" ló wà láàárín tirẹ̀:

2x + 1 < −5 tàbí 3x − 4 ≥ 8

Ó rí x < −3 tàbí x ≥ 4, ó sì fẹ́ so wọ́n pọ̀ sí 4 ≤ x < −3. Mo ní kó wá nọ́ńbà kan ṣoṣo tó tó 4 tó tún kéré sí −3. Ó wá a títí, ó pa á rẹ́.

Nígbà tó ya èyí sábẹ́ ti àkọ́kọ́, ó dákẹ́, ó ń wò ó. Ibi tí ìlà òkè ṣófo ni ti ìsàlẹ̀ kún. Róbótó tó dúdú lókè, òfìfo ni nísàlẹ̀.