Bí a ṣe ń di tòmátò ẹ̀ẹ̀rùn sínú ìgò bíi ti àwọn ìyàwó àgbẹ̀ Mennonite

Láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta, tòmátò máa ń ya wọ ọjà Zuba àti Dei-Dei ní Abuja, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀. Tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, apẹ̀rẹ̀ kan náà á di ohun tí à ń wò lókèèrè. Àwọn ìyàwó àgbẹ̀ ìjọ Kristẹni tí wọ́n ń pè ní Mennonite, ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà àti Ontario ní Kánádà, ti mọ ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí irú ọ̀rọ̀ yìí. Òtútù ni tiwọn: oṣù mélòó kan wà lọ́dún tí nǹkan kan kì í hù nínú ọgbà wọn, ohun tí wọ́n bá sì dì sínú ìgò nígbà ooru ni ilé ń jẹ. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ kò nílò fíríìsà, iná ì báà lọ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Orúkọ Menno Simons, àlùfáà Kátólíìkì ará Netherlands tó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1536, ni ìjọ wọn ń jẹ́. Wọn kì í jagun, wọn kì í sì í ṣèrìbọmi fún ìkókó. Ìjọ EYN (Ekklesiyar Yan'uwa a Nigeria) tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Garkida, ní ìpínlẹ̀ Adamawa, lọ́dún 1923 bá wọn tan nínú ìgbàgbọ́ yìí. Gbogbo Mennonite kọ́ ló ń gbé bákan náà o. Àwọn kan ń wa mọ́tò, àwọn kan ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin. Àmọ́ obìnrin tó rọ̀ mọ́ àṣà àtijọ́ máa ń fi aṣọ bo orí rẹ̀ nítorí 1 Kọ́ríńtì 11, aṣọ rẹ̀ kì í ní ọ̀ṣọ́, kò sì ní ṣiṣẹ́ oko lọ́jọ́ Àìkú ju pé kí ó bọ́ ẹran, kí ó sì fún wàrà màlúù. Ìsinmi yẹn ló ń pàṣẹ fún ọjọ́ yòókù. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí lọ́sàn-án Sátidé láéláé; Ọjọ́bọ̀ tàbí àárọ̀ Ẹtì ló dáa.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò. Tí ilé yín bá ń lo ìgò lítà kan lọ́sẹ̀, láti ìparí oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹsàn-án yóò gba ìgò bíi 16. Ẹ fi 4 kún un fún opó àti aláìsàn inú ìjọ. Lítà kan ń gba tòmátò tútù bíi kílò 1.25, nítorí náà kílò 25 ni ẹ máa rà. Irú tòmátò tí wọ́n ń pè ní Roma tàbí UTC ló dáa jù, torí ara wọn nípọn, omi wọn ò pọ̀. Kí ó pọ́n, kí ó sì le. Èyí tó ti fọ́ nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, ọbẹ̀ ọjọ́ náà ni kí ẹ fi sè: tòmátò tó bá ti ń jẹrà, kíkan inú rẹ̀ ti dín kù, kíkan yẹn gan-an ló sì ń dáàbò bo ìgò.

Ìgò tó nípọn tí wọ́n ṣe fún iná ni kí ẹ wá, tó ní ìdérí pẹlẹbẹ àti òrùka tó ń dè é. Ìgò mayonéèsì àlòkù sábà máa ń là nínú omi híhó. Òrùka ṣeé tún lò, àmọ́ ìdérí pẹlẹbẹ tuntun ni kí ẹ lò nígbà gbogbo, torí rọ́bà etí rẹ̀ kì í dì dáadáa lẹ́ẹ̀kejì.

Àáró ni kí ẹ fi ṣe é. Èèyàn mẹ́rin tó: ẹnì kan ń fọ̀, ẹnì kan ń bó, ẹnì kan wà nídìí iná, ẹnì kẹrin ń nu ẹnu ìgò, ó sì ń wo aago. Ẹni tó ń wo aago kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ mìíràn. Orin ìjọ máa ń mú ọwọ́ yá.

Ẹ ri tòmátò bọ omi híhó fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan, títí èèpo á fi là, kí ẹ wá jù ú sínú omi tútù. Ẹ bó o, ẹ yọ ìdí rẹ̀, ẹ gé e sí mẹ́rin. Ẹ mú bí ìdá kan nínú mẹ́fà sínú ìkòkò lórí iná tó le, kí ẹ sì máa fi igi tẹ̀ ẹ́ títí á fi hó. Ìgbà náà ni kí ẹ máa da èyí tó kù sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rò ó, kò pọn dandan kí ẹ tẹ ìyẹn. Kí gbogbo rẹ̀ hó fún ìṣẹ́jú 5. Tí ẹ bá gé tòmátò tí ẹ fi í sílẹ̀ kí iná tó kàn án, omi á lọ sísàlẹ̀, ẹran rẹ̀ á léfòó nínú ìgò.

Ibi tí ẹ̀mí wà nìyí: kí ẹ tó bu tòmátò, ẹ fi ṣíbí ìjẹun 2 omi lẹ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tà nínú ìgò sínú ìgò lítà kọ̀ọ̀kan, tàbí ìdajì ṣíbí tíì citric acid (èròjà kíkan oníyẹ̀fun). Ọsàn wẹ́wẹ́ tí ẹ fọwọ́ fún kò ṣeé gbára lé, torí kíkan rẹ̀ kì í dọ́gba. Kòkòrò Clostridium botulinum lè hù nínú ìgò tí afẹ́fẹ́ ò sí, bí kíkan ibẹ̀ ò bá tó. Májèlé rẹ̀ ń mú kí iṣan ara rọ títí kan ti èémí. Ìdí nìyẹn tí ata lílọ̀ wa kò fi gbọdọ̀ wọ ìgò yìí. Tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà kò ní kíkan tó. Ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀ mọ́ tòmátò, ẹ má sì fi òróró sí i. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ sè ọbẹ̀ ni kí ẹ lọ ata. Iyọ̀ ṣíbí tíì kan ò burú, adùn nìkan ló wà fún.

Ẹ bu tòmátò gbígbóná sínú ìgò gbígbóná, kí àyè ìdajì íńṣì ṣẹ́kù lókè. Ẹ ti ọ̀bẹ oníke bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde, ẹ nu ẹnu ìgò kó mọ́ tónítóní, torí kóró kan ṣoṣo lábẹ́ rọ́bà ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ fi ọwọ́ yí òrùka títí á fi mú, ẹ má fún un pa. Ẹ tẹ́ aṣọ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò ńlá, ẹ to ìgò sí i, kí omi gbígbóná bò wọ́n ní íńṣì kan ó kéré tán. Ìgbà tí omi bá hó gbudu ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Ní Abuja, Kaduna àti Kano, ìṣẹ́jú 50 ni fún lítà. Ní Jos, ìṣẹ́jú 55, nítorí omi kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀ kó tó hó lórí òkè. Tí gáàsì bá tán láàárín, ẹ tún un hó, kí ẹ sì ka àkókò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ pa iná, ẹ dúró ìṣẹ́jú 5, ẹ wá yọ ìgò sórí aṣọ ìnura. Orí táìlì tàbí sìmẹ́ǹtì tútù lásìkò ọyẹ́ á là á. Ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án fún wákàtí 12 sí 24. Ìdérí tó ti dì á wọnú díẹ̀, kò sì ní ta sókè tí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Èyí tí kò bá dì, ẹ gbé e sínú fíríìjì, ẹ jẹ ẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ yọ òrùka kúrò lára àwọn tó dì, ẹ kọ déètì sí wọn, ẹ tọ́jú wọn síbi tó ṣókùnkùn, tó sì tutù, kí ẹ lò wọ́n tán kí ọdún tó yí po. Ìgò tí ìdérí rẹ̀ bá wú, tí ń jò, tàbí tó tú omi jáde nígbà tí ẹ ń ṣí i, ẹ má tọ́ ọ wò. Ẹ di òun àti ìgò rẹ̀ pọ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìnnà síbi tí ewúrẹ́ àti adìyẹ ń dé.