Bí Mo Ṣe Fi Kílíà Bo Ìdérí Ẹ́ńjìnnì Honda CD 175

Ẹni tó bá ń gbé lẹ́bàá òkun l'Ékòó mọ ohun tí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ń fi ojú alumíníọ̀mù rí. Ẹ lè fá ìdérí ẹ́ńjìnnì títí ẹ ó fi rí ojú ara yín nínú rẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò tún fi hu funfun bí ẹ̀fun. Alùpùpù Honda CD 175 tí mo ń tún ṣe yìí ṣọ̀wọ́n lójú pópó báyìí, ìdérí rẹ̀ sì ṣòroó rí rà. Ìdí nìyẹn tí mo fi pinnu láti fi kílíà, ìyẹn ọ̀dà aláìláwọ̀ tí àwọn apẹ́ńtì fi ń parí iṣẹ́ lára mọ́tò, bò ó.

Kílíà àtijọ́ ṣì wà lára ìdérí méjèèjì, àmọ́ ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì ń ṣí. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń rìn kiri. Ìpẹtà ni. Ojú ihò bóòtì àti etí ìdérí ló ti wọlé, níbi tí kílíà ti tín jù, ó wá ń jẹ irin lọ lábẹ́ ibi tó dà bíi pé ó ṣì dára. Mo fi ìyẹn sọ́kàn títí iṣẹ́ fi parí: etí àti ihò ni kí n kọ́kọ́ bò, kì í ṣe àárín tí gbogbo ayé ń wò.

Kẹ́míkà tí àwọn apẹ́ńtì fi ń ṣí ọ̀dà ni mo lò. Ẹnì kan ní kí n lo sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ. Mi ò gbà. Sódà yẹn ń jẹ alumíníọ̀mù gan-an: yóò máa hó, gáàsì tó lè gbiná yóò máa jáde, ojú irin yóò sì dúdú. Lẹ́yìn náà ni mo fi sáńpépà 320 bẹ̀rẹ̀ (bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni pépà ṣe kúnná tó), mo bọ́ sí 600, mo parí sí 1000, omi ni mo sì fi ń rin ín. Bí mo bá ti yí nọ́ńbà padà, mo máa ń yí ìhà tí ọwọ́ mi ń lọ padà pẹ̀lú, kí n lè rí ilà tí pépà ìṣáájú fi sílẹ̀ kí n sì pa á rẹ́.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti le. Bí ojú irin bá ṣe ń dán sí i ni ibi tí kílíà lè dì mú ń dín kù. Bẹ́ẹ̀ ni kọ́ńpáùndì tí a fi ń fá irin ní ọ̀rá nínú, ọ̀rá yẹn sì ń wọ inú ihò wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ irin lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kó dán gidi, kó gbà pé òun yóò máa fá a lóòrèkóòrè. Ẹni tó bá fẹ́ kílíà tó pẹ́, kó fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú dídán náà. Èmi dúró sí 1000 lórí ìdérí ńlá méjèèjì, mo fa ilà rẹ̀ sí ìhà kan ṣoṣo, ó sì lẹ́wà lójú mi ju èyí tó ń kọ mọ̀nà lọ. Àwọn ìdérí kéékèèké tí mo lè tú nígbàkigbà ni mo fá dé òpin, wáàsì mọ́tò, ìyẹn ìda tí wọ́n fi ń mú ara mọ́tò dán, ni mo fi pa wọ́n. Orí ẹ́ńjìnnì ní tirẹ̀, mi ò kùn ún rárá, ooru ibẹ̀ pọ̀ ju ohun tí kílíà mọ́tò lè gbà.

Ọ́ìlì máa ń sá pamọ́ sínú irin tí wọ́n yọ́, tí wọ́n wá dà, bí èyí. Mo yá ìdérí náà nínú ààrò iná mànàmáná àlòkù kan tí a kì í fi se oúnjẹ mọ́, ọ́ìlì sì ń làágùn jáde lára rẹ̀. Nígbà tó tutù tán ni mo fi tíná, omi tí àwọn apẹ́ńtì fi ń la ọ̀dà, nù ún, kí n tó fi ọṣẹ abọ́ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Àyẹ̀wò tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ni omi: ẹ da omi tó mọ́ sí i lójú. Bí omi bá tẹ́ lọ geere, ó ti mọ́; bó bá ń ká jọ tóótòòtó, ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀, ẹ padà sídìí fífọ̀. Látìgbà náà, ọwọ́ lásán kò kàn án mọ́, nítorí iyọ̀ wà nínú òógùn wa.

Mo fi téèpù bo ojú tí gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tó ń dí etí ìdérí kí ọ́ìlì má baà jò, ń jókòó sí, mo sì bo ibi tí wáyà ilẹ̀ ti ń kan irin, torí kílíà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Kílíà alápá méjì, tí a ń po hádínà, ìyẹn kẹ́míkà tó ń mú un le, mọ́, ni mo rà. Kílíà ìwọ̀n 2 sí hádínà ìwọ̀n 1 ni wọ́n kọ sára agolo tèmi. Èyí tó máa ń wà nínú agolo àfọwọ́tẹ̀ lásán, bẹntiróòlù tó bá kán láti kabúrétọ̀ lè rọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fojú kéré hádínà yìí. Èéfín rẹ̀ lè fa ikọ́ fée tí kò ní lọ mọ́, aṣọ tí a dì mọ́ imú kò sì lè dá a dúró. Ìbòmú tó ní àsẹ́ kẹ́míkà ni mo lò, ní ìta gbangba, mo sì lé àwọn ọmọdé jìnnà.

Ọ̀sán ìgbà ẹ̀rùn ni mo kùn ún. Ọ̀rinrin ìgbà òjò lè mú kí kílíà ràn funfun. Mo fọ́n ọn sí etí àti ihò bóòtì ṣáájú, lẹ́yìn náà ni mo fọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ yíká, mo jẹ́ kó fà díẹ̀, mo tún un ṣe, kí n tó fọ́n èyí tó tutù dáadáa kẹ́yìn. Mi ò dì í padà títí èékánná kò fi lè tẹ̀ ẹ́ mọ́, mo sì fi wọ́ṣà pẹlẹbẹ sábẹ́ bóòtì kọ̀ọ̀kan kí ó má baà fọ́ kílíà nígbà tí mo bá ń fún un.

Òjò ti rọ̀ sí i, ojú rẹ̀ ṣì mọ́. Omi àti ọṣẹ lásán ni mo fi ń fọ̀ ọ́, mi ò jẹ́ kí àwọn afọmọ́tò da kẹ́míkà wọn sí i. Ibi tí òkúta bá ti ta á, mo máa ń po kílíà díẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, mo máa ń fi tíná nu ojú ibẹ̀, kí n sì fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré dí i kí iyọ̀ tó wọlé.