Bí Ẹgbẹ́ Obìnrin Ṣe Lè Ran Àwọn Ọmọ Ogun Lọ́wọ́ Láti Ilé

Nígbà tí ogun bá bẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin kì í lè fọwọ́ lẹ́rán, nítorí pé kò sí ẹni tó wà lójú ogun tí kì í ṣe ọmọ, ọkọ tàbí àbúrò ẹnìkan. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra òwú tàbí kí ẹ tó kó aṣọ jọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí àwọn ọmọ ogun náà nílò. Ní ọdún 1861, nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn obìnrin ìhà Àríwá fi ìtara rán ìbòrí funfun tó bo ẹ̀yìn ọrùn nítorí oòrùn, wọ́n sì kó o ránṣẹ́ lọ́pọ̀ yanturu. Àwọn ológun kò fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn kan fi nu nǹkan, àwọn mìíràn fi ń sẹ́ kọfí. Oúnjẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pàápàá máa ń jẹrà lójú ọ̀nà. Àjọ United States Sanitary Commission, tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún yẹn kan náà, ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí a nílò fún àwọn ẹgbẹ́ obìnrin, tó sì ń gba ẹrù wọn, tó ń tò ó, tó sì ń pín in.

Nítorí náà, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ń bójú tó ẹrù ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà tàbí sí olùtọ́jú aláìsàn wọn. Ẹ béèrè irú nǹkan tí wọ́n ń fẹ́, iye rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ àti ọ̀nà tí yóò gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ má ṣe béèrè ibi tí wọ́n wà. Bí ojú ọjọ́ bá ti yí padà, ẹ tún béèrè, nítorí pé ohun tó wúlò nígbà ooru lè di ẹrù lásán nígbà òtútù.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìbọ̀sẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹ lè rí bí ohun kékeré ṣe ń di ohun ńlá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, láàárín ọdún 1914 sí 1918, ẹsẹ̀ ológun tó dúró pẹ́ nínú yàrà tí omi tútù kún, tí kò sì rí ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ pààrọ̀, máa ń wú, ó máa ń kú, òmíràn a sì jẹrà débi pé wọ́n níláti gé e. Ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi ń hun ìbọ̀sẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru. Òwú irun àgùntàn ni kí ẹ lò, nítorí pé ó ṣì máa ń mú ẹsẹ̀ móoru díẹ̀ bí ó tilẹ̀ tutù. Bí òwú bá tán lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe ta á ní kókó. Ẹ to ìdí èyí tó ń tán mọ́ orí tuntun, kí ẹ sì hun méjèèjì pọ̀ fún ojú ìhun bíi mẹ́jọ. Níbi ọmọ ìka ẹsẹ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ olójú ńlá so ojú òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀ ní pẹrẹsẹ, kí ìlà kankan má ṣe yọ síta, nítorí pé ìlà bín-ín-tín yẹn tó láti mú kí ẹsẹ̀ léròrò lẹ́yìn ìrìn wákàtí díẹ̀. Ẹ wá yan ìyá kan tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà dáadáa kí ó máa ti ọwọ́ bọ inú ìbọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi ìka wá kókó. Èyí tí kò bá péye, kí ó fi pẹ̀lẹ́tù dá a padà fún ẹni tó hun ún. Mo mọ̀ pé ó máa ń nira láti dá iṣẹ́ ọwọ́ àgbàlagbà padà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ ni kí ẹ rò.

Àwọn tí kò mọ ìhunṣọ lè ṣe àwọ̀n tí a fi ń bo ọkọ̀ àti ìbọn ńlá kí ọ̀tá má bàa rí i. Ẹgbẹ́ WVS, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ ìlú, tí Stella Isaacs dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1938, ṣe irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn obìnrin Ukraine náà sì ti ń ṣe é láti ọdún 2014. Ẹ na àwọ̀n sórí igi, kí ẹ máa ki àwọn ìrépé aṣọ bọ ojú rẹ̀, kí àwọ̀ wọn bá ti ilẹ̀ àti ewéko ìgbà náà mu. Ẹ má ṣe lo aṣọ tó ń dán, ẹ má sì jẹ́ kí iṣẹ́ náà dọ́gba bí ìlà orí ẹní. Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì bo imú, nítorí eruku aṣọ.

Bí ọkọ̀ ojú irin tó ń kó ológun bá ń gba ìlú yín kọjá, oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ ìtùnú lè jẹ́ iṣẹ́ tiyín. Ní North Platte, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Nebraska ní Amẹ́ríkà, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ọkọ̀ ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1941. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọkọ̀ máa ń dúró, síbẹ̀ ó ju mílíọ̀nù mẹ́fà ológun lọ tí wọ́n ṣe lálejò kí wọ́n tó parí iṣẹ́. Àwọn ìlú àti abúlé tó yí wọn ká ló ń gba ọjọ́ ṣe. Ẹ̀yin náà, ẹ pín ọjọ́ fún ara yín, ẹ gé búrẹ́dì sílẹ̀, kí kọfí sì ti gbóná kí ọkọ̀ tó wọlé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí inú mi kò ní dùn bí mo bá fò ó. Lọ́dún 1914, Mary Macarthur, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kìlọ̀ pé aṣọ tí àwọn obìnrin olówó ń rán lọ́fẹ̀ẹ́ lè gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn aránṣọ tálákà. Mary tó jẹ́ ayaba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà tẹ́tí sí i, wọ́n sì kó owó jọ láti fi wá iṣẹ́ fún àwọn obìnrin tí ogun ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí aránṣọ bá wà ládùúgbò tí kò ríṣẹ́ ṣe, ẹ sanwó fún un kí ó rán aṣọ náà.

Kí akápò máa kọ gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde sílẹ̀, kí ó sì kà á sétí ẹgbẹ́ lóṣooṣù. Ẹ bẹ ẹni tó bá gba ẹrù kí ó fọwọ́ sí ìwé, kí ó sì sọ ohun tí kò bá wọn lára mu, kí ẹ lè tún un ṣe. Ẹ múra sílẹ̀ pẹ̀lú pé iṣẹ́ náà yóò pẹ́ ju ogun lọ: oṣù kẹsàn-án ọdún 1945 ni Japan fọwọ́ sí ìwé ìtúúbá, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin North Platte ṣì ń bu kọfí fún àwọn tó ń padà sílé títí di oṣù kẹrin ọdún 1946.