Ihò kan lára ìbọn mi, àti owó àgbàdo tó gba ibẹ̀ lọ

Owó ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, torí òun ló ṣì ń dùn mí. Ọ̀yà tútù tó sanra, ẹni tó mọ ojú ọjà Kétu wa ní ilẹ̀ Benin á fi nǹkan bí 10,000 sẹ́fà rà á, obìnrin tó tà á á tún bá a sun irun rẹ̀. Èmi ti ná ju 40,000 lọ kí ọ̀yà àkọ́kọ́ tó ṣubú níwájú mi ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Mi ò ra ìbọn o. Ìbọn bàbá mi ni. Ihò kan tí orí ìṣó kékeré lè dí ni gbogbo owó yẹn gbà lọ.

Àwọn ọ̀yà ló fà á. Oko mi wà lójú ọ̀nà Ìlárá, àgbàdo lápá kan, gbágùúdá lápá kejì. Tí mo bá débẹ̀ láàárọ̀, màá bá igi àgbàdo nílẹ̀, wọ́n ti gé ìdí rẹ̀ gẹ̀ẹ́rẹ́ bí ẹni fi àdá gé e, wọ́n jẹ díẹ̀, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ẹran tó bá fẹ́ jalè, kó kúkú jẹ ẹ́ tán. Mo dẹ pańpẹ́, òkété ló mú. Mo wá gbé ìbọn bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà.

Ṣakabùlà ni. Ẹnu rẹ̀ la ti ń kì í, òkúta ló ń ṣáná sí i, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń yìn. Ẹni tó ń lo ìbọn ẹlẹ́nu méjì ò lè mọ ohun tí mò ń wí. Tí tiwa bá ti tàsé, tàbí tó bá kọ̀, kí ẹ tó da ẹ̀tù mìíràn, kí ẹ tó fi àkísà dí i, kí ẹ tó da ọta lé e, kí ẹ tó fi ọ̀pá gún un wọlé, ọ̀yà ti wọ Nàìjíríà. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ, tí àwọn olórìṣà Brazil ṣì ń kí ní ọba Kétu títí dòní, ọfà kan ṣoṣo ni ìtàn ní ó mú dání, ẹyẹ àwọn ìyá, àwọn àjẹ́, sì bọ́ sílẹ̀. Mo gbóríyìn fún un. Ṣùgbọ́n ọfà ò ní ihò iná, ihò kékeré tí iná ń gbà láti ẹ̀gbẹ́ ìbọn dé ọ̀dọ̀ ẹ̀tù inú rẹ̀.

Bí a ṣe ń ki ìbọn, bí a ṣe ń mọ ipa ẹran, mi ò ní kọ ìyẹn síbí. Ọmọ ọdẹ mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ọdẹ, kó lọ jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo yìn ín, òkúta ṣáná, ẹ̀tù tí mo bù sí àwo ẹ̀gbẹ́ ìbọn gbiná fìì, ìbọn sì dákẹ́. Ọ̀yà wò mí. Mo búra, ó wò mí dáadáa kó tó wọ koríko lọ. Ìbọn tó bá ṣe báyìí, ẹ má kọ ẹnu rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, ẹ má sì tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀ láti wo ohun tó ṣe é. Iná lè ṣì máa rìn lábẹ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Igbó ni mo máa ń kọ ẹnu rẹ̀ sí, màá ka ení èjì títí dé 60 kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan lára rẹ̀.

Gbogbo ẹni tí mo sọ ọ́ fún ló ní ẹ̀tù mi ti gba ọ̀rinrin. Ẹ̀tù dúdú máa ń fa omi lóòótọ́, eérú rẹ̀ tiẹ̀ burú jù ú lọ, torí náà mo ra tuntun, 6,000 sẹ́fà. Fìì. Ìbọn dákẹ́. Mo pààrọ̀ òkúta. Iná tó ń tú jáde báyìí pọ̀ débi pé ẹ̀rù koríko gbígbẹ ń bà mí, síbẹ̀ ìbọn ò dún.

Ni mo bá gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ kan tí kò jìnnà sílé wa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ọjà kan náà la jọ ń ná. Ó wò ó, ó pòṣé, ó ní ihò iná ló dí. Òótọ́ ló sọ. Eérú ẹ̀tù láti ayé bàbá mi ló dì sínú rẹ̀. Wáyà tín-ín-rín àti omi gbígbóná ni iṣẹ́ yẹn ń fẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gbẹ́ni fi irin lu ihò náà títí ó fi di fèrèsé. Ó gba 5,000.

Ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kì í tiẹ̀ kọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n iná ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bú jáde, ó jó irun ojú mi ọ̀tún, ọta tó sì ń ti ẹnu rẹ̀ jáde ò lágbára kankan. Mo yìn lu ọ̀yà kan ní ìṣísẹ̀ 20, mo rí irun rẹ̀ tó fò sókè, ẹran náà gbọn ara, ó bá tirẹ̀ lọ. Agbára tó yẹ kó ti ọta síwájú, ihò yẹn ló ń gbà jáde. Mo padà lọ bá alágbẹ̀dẹ mi.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ìbọn yìí ò dáa o.”

“Ṣé kò dún ni?”

“Ó ń dún, Bàbá.”

“O ní kò dún, mo jẹ́ kó dún. Kí lo tún wá ń wá?”

Mi ò rí èsì fún un. Owó mi náà ò sì padà.

Àwọn àgbà ọdẹ ní ọ̀nà kan ló kù: kí ẹni tó mọṣẹ́ fi irin dí ihò yẹn pa, kó wá lu tuntun tó tín-ín-rín sí àárín irin náà. Wọ́n ní ọkùnrin kan wà ní Mẹ́kọ, lápá Nàìjíríà, tó mọ̀ ọ́n ṣe. Mẹ́kọ ò jìnnà, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ìyá mi, abẹ́ Alákétu ló sì wà kí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tó fa ààlà gba àárín wa kọjá ní 1889. Tí mo bá ń lọ síbi òkú lọ́hùn-ún, mi ò kì í rántí pé ààlà kankan wà. Ṣùgbọ́n ìbọn ò ní ìyá ní Mẹ́kọ. Ẹni tó bá gbé e kọjá, ẹjọ́ ìlú méjì ló gbé kọ́ èjìká.

Wọ́n wá júwe bàbá arúgbó kan fún mi nínú Kétu níhìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, àgbẹ̀dẹ rẹ̀ mọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí i tán ni, kò tíì wo ìbọn, ó ní: “Ìwé rẹ̀ dà?” Mo sáré lọ mú un wá. Orúkọ bàbá mi ló wà lórí rẹ̀. Bàbá náà ká ìwé náà padà wẹ́rẹ́, ó fi lé mi lọ́wọ́. “Bàbá rẹ ti lọ. Òkú kì í gbé ìbọn wá sí àgbẹ̀dẹ mi.” Ó ní láti ìgbà tí àwọn ìjọba CEDEAO, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ECOWAS, ti fọwọ́ sí àdéhùn lórí ìbọn kéékèèké ní Àbújá ní 2006, ojú ò kúrò lára àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń fọwọ́ kan ìbọn, àti pé òun ò ní tìtorí ọ̀yà mi sùn sí àtìmọ́lé. Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà. Ní báyìí, òun nìkan ni mi ò bínú sí nínú gbogbo wọn.

Ibi ìwé yìí ni mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Nígbà ayé àwọn gendarme, àwọn ṣọ́jà tó ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá, ni wọ́n kọ ti bàbá mi, ìjọba sì ti da àwọn yẹn pọ̀ mọ́ ọlọ́pàá ní 2018. Ọ́fíìsì tí wọ́n ní kí n lọ ní kí n mú nọ́ńbà ìwé àtijọ́ wá káwọn lè wá a nínú ìwé ńlá. Ibi tí nọ́ńbà wà gan-an ni ikán jẹ. Wọ́n ní kí n mú ìwé ẹ̀rí ikú bàbá mi wá. Mo mú un wá. Wọ́n ní fọ́tò mi ò dáa, ara ògiri ẹ̀yìn mi pupa, funfun làwọn ń fẹ́. Mo lọ yà á padà. Ẹni tó ń fọwọ́ sí i ti lọ sí ìpàdé ní Pobè. Ó dé láti Pobè, ó ní ta ló sọ pé èmi ni bàbá mi fi ìbọn sílẹ̀ fún? Kí àwọn ọmọ bàbá mi tó kù fọwọ́ sí i.

Àwọn ọmọ bàbá mi! Àwọn ọkùnrin fọwọ́ sí i láìjanpata. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí kò fọwọ́ kan ìbọn rí láyé rẹ̀, tó máa ń sá wọ yàrá tí bàbá bá ń nù ún, òun ló wá béèrè lórí fóònù pé: “Kí ni ìpín tèmi nínú rẹ̀?” Mo ní, Àǹtí mi, igi àti irin ni, ṣé kí n gé ìdí rẹ̀ fún yín? Ó ní kí n má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. A nájọ́ títí, itan ọ̀yà kan ni mo fi ra ìfọwọ́sí rẹ̀, ọ̀yà tó ṣì ń jẹ àgbàdo mi lóko nígbà yẹn. Owó mọ́tò lọ sí Àjàṣẹ́, ẹ̀dà ìwé, fọ́tò ẹ̀ẹ̀mejì, zémidjan (ọ̀kadà) àlọ àti àbọ̀: ìwé yìí nìkan jẹ ohun tó lé ní 17,000. Àwọn ọ̀yà ò bá mi dúró de ìfọwọ́sí. Wọ́n ti kúrò lórí àgbàdo, wọ́n bọ́ sórí gbágùúdá.

Tí bàbá yín bá ní ìbọn, tó sì wà láyé, ẹ jókòó tì í lónìí, kí orúkọ kúrò lórí ìwé náà nígbà tí òun fúnra rẹ̀ lè fọwọ́ sí i. Mo ti sọ èyí fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ní ó dà bí ẹni ń wá ikú bàbá. Kí wọ́n máa rò ó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìwé bọ́ sí orúkọ mi, iṣẹ́ tí mo forí ṣe fọrùn ṣe nítorí rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ kan ni bàbá alágbẹ̀dẹ fi parí rẹ̀. Ó yọ irin kúrò lára igi, ó yí èso irin bọ ihò ńlá náà tó fi dí típẹ́, ó fi ayùn irin kùn ún títí ọwọ́ ò fi mọ ibi tí wọ́n ti so pọ̀, ó wá lu ihò tuntun. Ọ̀pá ìyẹ́ adìyẹ ló fi wọ̀n ọ́n. Bó ṣe wọlé tó há díẹ̀, ó ní ó tó. Ó gba 12,000, mi ò sì na owó rẹ̀ wálẹ̀. Ó tún kọ́ mi pé tí mo bá fẹ́ ki ìbọn, kí n ki ìyẹ́ náà bọ ihò, kí ẹ̀tù má baà já sọnù, kí ọ̀nà iná sì ṣí sílẹ̀ nígbà tí mo bá fà á yọ. Bàbá mi máa ń fi ìyẹ́ sí fìlà rẹ̀ tó bá ń lọ sóko. Ẹwà ni mo rò pé ó ń ṣe.

Igbó ìjọba ní Dogo, mi ò débẹ̀. Mi ò sì ṣe ọdẹ òru. Ẹ̀gbẹ́ oko mi ni mo jókòó sí kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́ sí mi lójú, ipa ọ̀yà wà níwájú. Ó yọ orí, ó dúró, ó fi ẹ̀gbẹ́ sí mi. Mo fa ìyẹ́ yọ, mo bu ẹ̀tù sáwo, mo yìn ín. Iná àti ìró jọ lọ pọ̀ ni, kò sí fìì kankan láàárín wọn. Ọ̀yà ò rìn kúrò níbi tó wà. Akọ ni, ó wúwo débi pé mo sinmi lẹ́ẹ̀kan kí n tó gbé e délé. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kí n sọ ìtàn yìí lẹ́nu, apá ibí ni mo máa ń sọ fún wọn.

Nígbà tí mo délé, kí n tó fọwọ́ kan oúnjẹ, mo gbé omi kaná fún ìbọn. Omi ni o, kì í ṣe epo. Eérú ẹ̀tù dúdú, iyọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀, omi ló ń yọ́ ọ. Ẹni tó bá da epo lé e, ó ń bo ìpẹtà mọ́lẹ̀ ni. Ẹ bu omi gbígbóná sí ẹnu rẹ̀ kó máa gba ihò jáde títí omi yóò fi mọ́, ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ wá fi àdín pa á díẹ̀. Tí Èṣù bá wà lẹ́nu ọ̀nà ilé yín, ẹ mọ ibi tí ẹ ó gbé ìgò àdín yẹn sí.

Itan kan lọ sí Àjàṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí pé kò tóbi tó bí òun ṣe rò. Àbúrò ìyàwó mi náà gbọ́ ìró ìbọn, ó ti wá pé kí n yá òun kó lè wo oko tirẹ̀. Mo sọ fún un pé orúkọ mi ni wọ́n kọ sí ìwé, wọn ò kọ orúkọ àna mi.