Kí àmì CSS sáfà àti ti bíráúsà bára mu

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá ń lo scoped (ọ̀rọ̀ tó ń sé CSS, ìyẹn àṣẹ ìrísí ojú-ewé, mọ́ component kan ṣoṣo, ìyẹn ẹ̀yà kan lára ojú-ewé) nínú Vue (irinṣẹ́ JavaScript tí a fi ń kọ́ ojú-ewé), tó sì ń ti sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń fi ojú-ewé ránṣẹ́) gbé HTML jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ nǹkan kan wò kí iṣẹ́ yín tó jáde.

Nígbà tí ẹ bá ń ṣe build (ìyẹn, sísọ kóòdù yín di èyí tí bíráúsà lè lò), scoped máa ń lẹ àmì kan, bíi data-v-7ba5bd90, mọ́ àwọn ẹ̀yà HTML inú component náà. Àmì yẹn gan-an ló tún ń so mọ́ CSS rẹ̀, tí .btn á fi di .btn[data-v-7ba5bd90]. Orúkọ àti ipò fáìlì ló fi ń ṣẹ̀dá àmì náà. Tó bá jẹ́ production (ẹ̀dà tí aráyé máa lò), ó tún ń ro ohun tí ẹ kọ sínú fáìlì mọ́ ọn. Nítorí náà, bí ti sáfà bá wà ní development (ẹ̀dà tí ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ lé lórí), tí ti bíráúsà wà ní production, HTML á dé, CSS náà á dé, àmọ́ wọn ò ní mọ ara wọn. Odidi ọjọ́ kan ni mo fi wá ìdí ẹ̀ nígbà kan! Ẹ ṣí view source nínú bíráúsà (ibi tí HTML tí sáfà fi ránṣẹ́ ti ń hàn), kí ẹ fi àmì ibẹ̀ wé ti inú fáìlì CSS.

Ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ JavaScript nìkan ni yóò máa gbé CSS wọlé, torí ojú-ewé á kọ́kọ́ yọ ní ìhòòhò. Inú head (apá òkè HTML) ni kí sáfà ti kó o wá.

Ohun tí v-html (àṣẹ Vue tó ń fi HTML tààrà sínú ojú-ewé) bá gbé wọlé kì í gba àmì rárá o. :deep(), tó ń jẹ́ kí CSS dé ohun tí kò ní àmì, ni kí ẹ lò fún un.