Bí mo ṣe fi Sáàmù àti ìwé ìwọ̀n tún àdúrà mi ṣe

Télọ̀ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí àdúrà mi ò ju "Baba, ẹ bá mi ṣe é" lọ, lórí ọ̀kadà tàbí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bẹ́ẹ̀ ìlú àdúrà ni ìlú wa. Ní 1918, nígbà tí àrùn lùkúlùkú ń pa èèyàn, àwọn ọmọ ìjọ kan ní St Saviour's, Ìtàlúpẹ́, kó ara wọn jọ fún àdúrà, wọ́n ń jẹ́ Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Joseph Sadare wà níbẹ̀, Sophia Ọdúnlámì tó jẹ́ tíṣà náà dara pọ̀ mọ́ wọn. Ara orísun ìjọ Kírísítì Àpọ́sítélì nìyẹn. Ẹ yà sí Rẹ́mọ, Ògèrè ni Josiah Ositelu ti dá Ìjọ Olúwa, ti Aládùúrà, sílẹ̀ ní 1930. Ọmọ irú ilẹ̀ yìí wá ni èmi tí n kò lè kúnlẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n má wo fóònù!

Ojú tì mí, ni mo bá ṣe àṣejù. Ní ìparí oṣù kẹrin 2025, mo ní n ó máa jí ní aago mẹ́ta òru, wákàtí méjì gbáko. Òru àkọ́kọ́, mo pàtẹ́wọ́, mo fi ẹsẹ̀ kilẹ̀, mo pe gbogbo ọ̀tá mi lẹ́jọ́. Òru kejì, ẹni tá a jọ ń gbélé kan ilẹ̀kùn: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni." Òru kẹta, orí ìkúnlẹ̀ ni ilẹ̀ mọ́ bá mi, itọ́ ti gbẹ sí mi lẹ́nu. Ìyàwó mi ní, "Dádì, ṣé Ọlọ́run ló ní kí ẹ ṣẹ́ ara yín lọ́rùn ni?"

Mo lọ rojọ́ fún Màámi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n wá fa Ìwé Àdúrà wọn jáde, èyí tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Àwa Áńgílíkà mọ̀ ọ́n: Sáàmù 150 ni wọ́n pín sí ọgbọ̀n ọjọ́, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ kìíní oṣù, Sáàmù kìíní sí ìkarùn-ún láàárọ̀, ìkẹfà sí ìkẹjọ nírọ̀lẹ́. Màámi ní, "Ìwọ sáà máa ka ti òní. Má wá ọ̀rọ̀ tìrẹ sọ ná."

Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ni mo bẹ̀rẹ̀. Ohùn ládàánì mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé wa ni mo fi ń jí. Mo gbé fóònù sí pálọ̀, kò gbọdọ̀ wọ yàrá. Mo ń kà á sókè, ṣùgbọ́n wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, nítorí tí mo bá ń kà á sínú, ọkàn mi ti dé Òkè-Àjé lọ ra òwú. Ibi tí ẹsẹ kan bá ti gbá mi mú, mo dúró, mo dákẹ́ díẹ̀, kí n tó bèèrè ohunkóhun. Ogún ìṣẹ́jú, ó ti tán.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló le. Lọ́jọ́ karùn-ún, gbogbo ohun tí mo ń rí ni aṣọ oníbàárà. Mo lé e, ó padà. Inú bí mi, mo dìde lọ mú ìwé ìwọ̀n mi, mo ṣí i síwájú Ọlọ́run. Orúkọ àkọ́kọ́: ejìká, àyà, gígùn apá. Mo bá gbàdúrà fún ẹni náà. Mo ṣí ojú ewé míì. Onígbàgbọ́, Mùsùlùmí, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ohun tí mi ò rò ni pé ìwọ̀n a máa sọ̀rọ̀. Ìyá kan wà, àyà wọn jẹ́ ínṣì 44 lọ́dún tó kọjá, 40 ni mo kọ lọ́dún yìí. Èmi tí mo wọ̀n wọ́n, mo kàn ní aṣọ á gba òwú díẹ̀ ni! Mo pè wọ́n lọ́jọ́ yẹn. Ara wọn ò yá lóòótọ́. Wọn ò tíì sọ fún ẹnì kankan. Láti ọjọ́ náà, ojú ewé mẹ́ta láàárọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni mo ṣubú. Sáàmù 78 ló kàn, ó sì gùn gan-an, aṣọ régbérégbé, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà, fún àjọ̀dún Ojúde Ọba sì ti ga dé àjà. Ẹgbẹ́ kan fẹ́ agbádá mẹ́rìnlá. Mo pa á tì, mo pa ti ọjọ́ kẹrìndínlógún àti ìkẹtàdínlógún náà tì. Mo fẹ́ padà lọ kà wọ́n pọ̀, Màámi ní, "Ṣé àjọ lò ń dá ni, tí wàá fi san gbèsè? Ti òní ni kó o kà." Mo ṣí ọjọ́ kejìdínlógún, Sáàmù 90: kọ́ wa láti ka iye ọjọ́ wa. Èmi tí mo ń ṣírò ọjọ́ tí mo jẹ!

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejìlélógún, Sáàmù 109. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, èyí tó ní kí ọjọ́ ẹni náà kúrú, kí ẹlòmíràn gba iṣẹ́ rẹ̀. Oníbàárà kan ti gbé agbádá mi lọ láti ọdún tó kọjá, kò san kọ́bọ̀. Mo ti fẹ́ ki orúkọ rẹ̀ bọ ibẹ̀, mo gbádùn rẹ̀ díẹ̀, n ò ní purọ́. Ojú ewé tó kàn nínú ìwé ìwọ̀n lówùúrọ̀ kejì wá jẹ́ tirẹ̀. Mo wò ó títí. Mo gbàdúrà fún un, àmọ́ kí n tó parí, mo ní kí Ọlọ́run fún un lówó, kó lè rí tèmi san.

Sáàmù 119 gba ọjọ́ mẹ́ta, mo là á kọjá. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, ti ọgbọ̀n ni wọ́n ní ká tún kà, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe.

Ojúde Ọba bọ́ sí ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà. Mo ka Sáàmù 38 sí 40 láàárọ̀, kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án, ẹgbẹ́ kan ń yan kọjá, onígbèsè mi wà láàárín wọn nínú agbádá mi. Ó dúró ṣánṣán lára rẹ̀. Ó rí mi, ó yí ojú sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ṣin. Mo juwọ́ sí i. Òun náà wá rọra juwọ́. Owó ò tíì wọlé o, ojú ewé rẹ̀ sì ń kàn mí déédéé.